Ìṣẹ́jú Kan Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Kẹfà

Kí ni ìṣẹ́jú kan jẹ́? Ẹni tó ń se omi tíì ò ní í fi pe nǹkan kan. Ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì á ní òun ò tíì pẹ́ níbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọbìnrin kan fún yín, tí ìṣẹ́jú kan ṣoṣo tó fojú fò dá fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọkọ mọ́ ọn lọ́wọ́, tó sì fi odindi ọdún mẹ́ta sá fún ìṣẹ́jú náà.

Kíákíá ni wọ́n ń pè é nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fún un lórúkọ náà, nítorí pé tí wọ́n bá pín iṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, kí ẹlòmíì tó yọ bírò jáde, òun ti parí, ó ti ń fọwọ́. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn. Ó rò pé wọ́n ń kì í ni.

Sísítà, nọ́ọ̀sì àgbà tó ń bójú tó wọ́ọ̀dù náà, ní òfin kan tó máa ń sọ lójoojúmọ́ débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sín in jẹ. "Ẹ gbójú sí àyà aláìsàn, ẹ gbójú sí aago, kí ẹ sì ka èémí rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan. Mi ò fẹ́ àfojúdá o." Wọ́n á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Tí Sísítà bá ti yíjú, ogún ni wọ́n ń kọ fún gbogbo aláìsàn. Ẹ̀rọ ló ń sọ ìgbóná ara, ẹ̀rọ ló ń sọ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dúró máa wo àyà èèyàn fún odindi ìṣẹ́jú kan nígbà tí aláìsàn mẹ́jọ ṣì wà nílẹ̀? Ẹni tó bá ka ìwé wọ́ọ̀dù náà nígbà yẹn á rò pé ẹgbẹ́ akọrin ni gbogbo wọn, tí wọ́n jọ ń mí sínú, tí wọ́n jọ ń mí síta.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ní ọdún kejì ẹ̀kọ́ rẹ̀, Kíákíá dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kẹfà. Aránṣọ ni obìnrin náà. Orí àpótí tó gùn láti gbé aṣọ ló ti ṣubú, tí egungun itan rẹ̀ fi dá. Ọjọ́ kẹrin tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un nìyẹn. Kíákíá de ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá, ó kọ ohun tó rí. Ó ki òṣùwọ̀n ìgbóná bọ̀ ọ́ lábíyá, ó kọ ohun tó rí. Ó kan èémí. Kò gbójú sókè. Ó kọ ogún, ó kọ aago mẹ́wàá sí i, ó buwọ́ lù ú, ó sì kọjá sí bẹ́ẹ̀dì keje. Ó mọ̀ pé Màmá Aránṣọ ń wo òun bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Kò dúró gbọ́ ọ.

Aago kan ọ̀sán ló tó tún gbabẹ̀ kọjá, tòun ti ife omi lọ́wọ́. Ètè obìnrin náà ti ṣú. Èjìká rẹ̀ ń lọ sókè, ń lọ sódò, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́. Kíákíá ju ife sílẹ̀, ó figbe ta. Àwọn nọ́ọ̀sì sáré dé, wọ́n gbé ọ́síjìn wá, dókítà náà dé. Òtútù ti wọ ẹ̀dọ̀fóró obìnrin náà láti òwúrọ̀. Sísítà fúnra rẹ̀ ló ka èémí rẹ̀, ó jẹ́ méjìlélógójì. Nígbà tí ara aláìsàn rọlẹ̀ díẹ̀, ó ṣí ìwé tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

"Ogún laago mẹ́wàá," ló wí. "Méjìlélógójì laago kan. Àìsàn yìí mà kúkú yára o." Ó wojú Kíákíá. "Ṣé o kà á?"

Àwọn ẹgbẹ́ Kíákíá tò sẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹni tó rọ́wọ́ gbé. Ó ronú nípa ilé ẹ̀kọ́, ó ronú nípa ìyá rẹ̀ tó ti ń pe ara rẹ̀ ní Ìyá Nọ́ọ̀sì ládùúgbò.

"Mo kà á, mà."

Sísítà pa ìwé náà dé, ó dá a padà sí àyè rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbà kí àlejò wọlé nírọ̀lẹ́, ọmọ Màmá Aránṣọ dé. Fíríìjì ló ń tún ṣe, ọmọkùnrin gíga tí epo dúdú kì í tán ní èékánná rẹ̀. Obìnrin orí bẹ́ẹ̀dì karùn-ún ti ròyìn fún un: "Ọmọ kékeré yẹn ló kígbe. Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀ lára ìyá rẹ." Ó wá bá Kíákíá níbi tó ti ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyá nìkan ni mo ní," ló wí. "Ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an ni."

Kíákíá fẹ́ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni, "Kò tọ́pẹ́."

* * *

Bí ìfẹ́ ṣe gbabẹ̀ wọlé nìyẹn, ó gba ojú ihò tó burú jù lọ wọlé.

Fíríìjì tí wọ́n ń kó oògùn sí ní wọ́ọ̀dù náà ti ń hanrun bí arúgbó láti ìgbà pípẹ́. Ọmọkùnrin náà bá wọn tún un ṣe lọ́sẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ń gbádùn bọ̀. Wọ́n jẹ́ kí Màmá máa lọ sílé, fíríìjì náà sì dákẹ́ jẹ́ẹ́, síbẹ̀ kò yéé wá yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ kan Sísítà bi í pé, "Ìwọ Onífíríìjì yìí, ṣé fíríìjì lò ń wá wò ni àbí ẹni tó ń ṣí i?" Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín títí tí obìnrin orí bẹ́ẹ̀dì kejì fi ní kí wọ́n má jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ òun já.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jọ rìn láti ẹnu géètì dé ibùdó bọ́ọ̀sì. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá di ìrìn wákàtí kan. Kíákíá nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí ọ̀nà míì téèyàn lè gbà sọ ọ́. Ó fẹ́ràn bó ṣe máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ dé òpin kó tó fèsì. Ọjọ́ tí kò bá rí i, ó máa ń dà bíi pé oúnjẹ ò níyọ̀. Ṣùgbọ́n ibikíbi tí wọ́n bá jọ dé, Onífíríìjì á dì í lọ́wọ́ mú, á ní, "Ẹ wá wò ó o. Òun ló gba ìyá mi là." Ó sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà, ó sọ ọ́ fún ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì. Àwọn èèyàn á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì." Kíákíá á rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbìyànjú láti sọ ọ́. Nígbà àkọ́kọ́, bọ́ọ̀sì dé. Nígbà kejì, òjò lé wọn wọlé àwọn aláròyé kan. Nígbà kẹta, kò sí bọ́ọ̀sì, kò sí òjò, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e mì.

Ọdún mẹ́ta lọ báyìí. Ó ṣèdánwò, ó yege, wọ́n gbà á síṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù yẹn gan-an. Onífíríìjì ní kó jẹ́ kí àwọn ṣègbéyàwó, ó sì gbà pẹ̀lú omijé, ọmọkùnrin náà sì rò pé ayọ̀ nìkan ló fà á.

Màmá Aránṣọ nìkan ló kù. Kíákíá kì í ṣe àlejò nílé ìránṣọ rẹ̀. Ó ti bá a ṣa òwú, ó ti bá a to bọ́tìnì, Màmá sì máa ń dá a lóhùn dáadáa, á fún un lága, á bi í léèrè iṣẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì tí ọmọ rẹ̀ sọ ti ìgbéyàwó fún un, Onífíríìjì dé ẹnu géètì pẹ̀lú ojú tó rẹ̀wẹ̀sì.

"Màmá ní àwọn ò tíì gbà."

"Kí ni mo ṣe?"

"Mo bi wọ́n, wọn ò sọ. Wọ́n ní àwọn ò tíì mọ̀ ọ́. Ọdún mẹ́ta! Ṣé ìwé ìwọ̀lú ni wọ́n fẹ́ kó o mú wá ni?"

Ó fẹ́ fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ni, àmọ́ Kíákíá ò lè rẹ́rìn-ín.

Wọ́n bẹ àbúrò Màmá sí ọ̀rọ̀ náà. Àǹtí Oníbúrẹ́dì ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí ilé búrẹ́dì rẹ̀, kò sì sí ìjà tí kò lè fi búrẹ́dì gbígbóná parí. "Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi," ló wí. Ọgbọ́n tó dá ni pé aṣọ ìyàwó ni Màmá mọ̀ ọ́n rán jù, tó bá ti lè fọwọ́ kan aṣọ Kíákíá, ọkàn rẹ̀ á rọ̀. Ó ní kí Kíákíá lọ bá aránṣọ míì kó wọn ìwọ̀n ara rẹ̀, kó kọ ọ́ sínú ìwé, òun á mú un lọ. Kíákíá ṣe bẹ́ẹ̀; aránṣọ náà kánjú wọ̀n ọ́n láàárín oníbàárà méjì. Àyà mẹ́rìndínlógójì, ìbàdí báyìí, apá báyìí, Kíákíá fi ọwọ́ tó dára kọ gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì Àǹtí Oníbúrẹ́dì mú ìwé náà padà wá. Kò tilẹ̀ jókòó.

"Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí ò yé mi o. Màmá ní kí n sọ fún ẹ pé òun kì í fi nọ́ńbà tí ẹlòmíì kọ gé aṣọ. Ó ní òun ti rí nọ́ńbà tí wọ́n kọ láì wo ara èèyàn rí. Kí ló ní lọ́kàn ná?"

Kíákíá jókòó. Ó ti yé e. Màmá mọ̀. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn.

* * *

Ó kọ́kọ́ sáré lọ bá ìyá tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù bàtà, ó ka gbogbo ẹjọ́ náà. Ìyá rẹ̀ gbé bàtà tó ń nù sílẹ̀.

"Ṣé ẹnikẹ́ni kú?"

"Rárá."

"Ṣé ìwé ẹ̀rí rẹ wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi."

"Kí lo wá fẹ́ lọ tú síta? Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣé obìnrin náà dárúkọ rẹ? Ṣé ó ní ìwọ lo kọ ọ́? Dákẹ́ síbẹ̀. Inú ẹ̀ á rọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́. Odindi ọjọ́ mẹ́rin ni Kíákíá fi gbìyànjú láti tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n kò lè jẹun, tó bá sì fẹ́ fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, á wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa lé e bá. Tirẹ̀ ò tíì tó ogún ọdún, ó sì ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ òótọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, bó ṣe bọ́ yúnífọ́ọ̀mù sílẹ̀, ó gba ilé ìránṣọ lọ.

Màmá wà nídìí máṣìnì. Òun nìkan ló wà níbẹ̀.

"Màmá, mi ò ka èémí yín lọ́jọ́ yẹn."

Màmá ò dá ẹsẹ̀ dúró. Ó rán ojú aṣọ náà dé òpin, ó já òwú.

"Mo mọ̀," ló wí. "Jókòó."

Kíákíá ò lè jókòó. "Mi ò wò yín rárá. Mo kàn kọ ogún ni. Nígbà tí Sísítà sì bi mí, mo parọ́."

"Láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń ka nǹkan, ìwọ ọmọ yìí. Mo ń ka bọ́tìnì, mo ń ka ojú abẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ yẹn mi ò rí èémí mí délẹ̀, ẹ̀rù bà mí, mo bá ń ka èémí ara mi. Mo ní ọmọ yìí ń bọ̀, tó bá ti gbójú sókè báyìí, á rí i." Ó wo Kíákíá. "O ò gbójú sókè."

Kíákíá ń sunkún. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ta ni kí n sọ fún? Kí n tó lè sọ̀rọ̀ dáadáa, ọmọ mi ti gbé ẹ gun orí. Ìwọ náà lo sì kígbe, mi ò gbàgbé ìyẹn. Mo ní kí n máa wò ó, ọmọ yìí á sọ ọ́. Ọdún kan lọ. Ọdún kejì lọ. Ò ń wá, ò ń bá mi ṣa òwú, o ò sọ." Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó tún gbé e sílẹ̀. "Àṣìṣe kọ́ ló ń bí mi nínú. Èmi náà ti gé aṣọ ìyàwó rí láì wọn ẹni tó ni ín. Mo ní ojú mi ti mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọlọ́mọ fi pín-ìn-nì mẹ́rìnlá há aṣọ mọ́ra ṣègbéyàwó, kò lè jókòó látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́! Ṣùgbọ́n mo dúró níwájú gbogbo ẹbí rẹ̀, mo ní èmi ni, mi ò wọ̀n ọ́n. Látọjọ́ náà mi ò gé aṣọ láì wọ̀n ọ́n mọ́."

"Ẹ dárí jì mí, Màmá."

"Èmi ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ṣé èmi lo fẹ́ fẹ́ ni?" Ó tún ti òwú bọ abẹ́rẹ́. "Ọmọ mi ò tíì mọ ẹni tó fẹ́ gbé níyàwó. Lọ sọ fún un. Tó bá kọ̀, a ò ní sọ pé ìyá ọkọ ló kọ̀."

* * *

Ẹ̀yìn fíríìjì kan ló ti bá a, ó kúnlẹ̀, sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ọmọkùnrin náà ni Kíákíá sọ ọ̀rọ̀ náà sí, nítorí ó mọ̀ pé tí òun bá rí ojú rẹ̀, òun á tún gbé e mì. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò bu iyọ̀ sí i.

Onífíríìjì ò dìde. "Láti aago mẹ́wàá sí aago kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Wákàtí mẹ́ta. Màmá mi ń wá èémí fún wákàtí mẹ́ta."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Gbogbo ìgbà tí mo ń sọ fáráyé pé ìwọ lo gbà wọ́n là, o wà níbẹ̀, ò ń rẹ́rìn-ín."

Kíákíá na ọwọ́ sí èjìká rẹ̀.

"Jọ̀ọ́," Onífíríìjì wí, ohùn rẹ̀ lọlẹ̀ gan-an, "máa lọ sílé."

Ọjọ́ mọ́kànlá kọjá. Fóònù ò dún. Kíákíá á gbé e wò, á gbé e sílẹ̀, á tún gbé e wò bóyá iná ti tán nínú rẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, á gbójú sókè. Fíríìjì oògùn tilẹ̀ ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun, kò sì sí ẹni tó jẹ́ dárúkọ ẹni tó yẹ kí wọ́n pè.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án nínú ọjọ́ wọ̀nyẹn, ó rí akẹ́kọ̀ọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kẹta. Ọmọbìnrin náà kọ ogún, ó fẹ́ kọjá. Kíákíá dì í lápá mú.

"Ṣé o kà á?"

Ọmọbìnrin náà ṣẹ́jú, ó ṣẹ́jú. "Mo... mo kà á, mà."

Kíákíá mọ ojú yẹn. Ojú tirẹ̀ ni. Ó pe gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ sí yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, ó sì sọ ìtàn bẹ́ẹ̀dì kẹfà fún wọn, ogún tó kọ, irọ́ tó pa, gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú ọmọbìnrin náà padà sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì jọ dúró fún odindi ìṣẹ́jú kan. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Nígbà tó yíjú, Sísítà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu yàrá ìpààrọ̀ aṣọ.

"Ó pẹ́ kó o tó dé," Sísítà wí. "Ṣùgbọ́n o dé. Wá sí ọ́fíìsì mi lọ́la, a máa kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe yẹ."

Ó lọ. Wọ́n kọ ọ́, ó gba ìwé ìkìlọ̀, ó buwọ́ lù ú.

Lọ́jọ́ kejìlá, Àǹtí Oníbúrẹ́dì dúró dè é lẹ́nu géètì.

"Màmá ní kó o wá ní Sátidé, aago mẹ́rin. Má bi mí ní nǹkan kan, mi ò mọ̀."

"Àǹtí, ọmọ Màmá ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ le?"

"Ẹni tí kì í yéé sọ pé iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú búrẹ́dì mi, ó wá ń jẹ ẹ́ láì sọ̀rọ̀. Ìwọ náà wo bí ara rẹ̀ ṣe máa le tó."

* * *

Onífíríìjì wà lórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà nígbà tí Kíákíá wọlé. Ó ti rù díẹ̀. Màmá wà nídìí máṣìnì, ó ń ṣe bí ẹni pé kò gbọ́ nǹkan kan.

"Mo ti ń padà lọ bá wọn," Onífíríìjì wí.

"Àwọn wo?"

"Àwọn tí mo sọ ìtàn yẹn fún. Mẹ́rin ni mo tíì bá. Mo ní ẹni tó kígbe náà ló kọ ogún."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Ẹnì kan ní kí n sá. Ẹnì kan ní ì bá wu òun kí ìyàwó òun sọ tirẹ̀ náà. Àwọn méjì yòókù ní fíríìjì àwọn ò tíì tutù."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Inú ṣì ń bí mi," ló wí. "Mi ò ní purọ́ fún ẹ, á ṣì máa bí mi fúngbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mọ́kànlá yẹn, mi ò gbádùn ọ̀kankan nínú ẹ̀. Mo fẹ́ ẹ. Má tún fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi mọ́."

"Mi ò ní í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láé," Kíákíá wí, ẹkún sì gbà á lẹ́nu.

Máṣìnì dákẹ́. Màmá Aránṣọ dìde, ó tiro díẹ̀ bọ̀, ó já téèpù kúrò lọ́rùn ara rẹ̀.

"Nu ojú rẹ, kó o dúró dáadáa."

Kíákíá nu ojú. Nítorí ìbẹ̀rù, ẹnu rẹ̀ tún yára bíi tàtijọ́. "Àyà mi jẹ́ mẹ́rìndínlógójì, mà."

"Ta ló bi ẹ́?"

Màmá yí téèpù náà po àyà rẹ̀, ó di orí rẹ̀ méjèèjì mú níwájú. Kò fà á. Ó gbójú sókè wo aago ara ògiri, ó wo àyà ọmọbìnrin náà, ó sì dúró. Kíákíá mí sínú, ó mí síta. Ẹkún mú kí èémí rẹ̀ máa já ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Màmá ò kánjú. Ọwọ́ aago náà yí po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, kí obìnrin náà tó wo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀.

"Méjìdínlógójì," ló wí. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Kọ ọ́ sílẹ̀."